Christa McAuliffe

Sharon Christa McAuliffe (orúkọ ìdílé rẹ̀ kí ó tó lọ́kọ ni Corrigan, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 1948 – 28 Oṣù Kìíní, 1986) jẹ́ olùkọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn-àjò gbalasa òfurufú, yàn láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ọkọ̀ tó ń yí ayé po. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ Challenger.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti iṣẹ́ rẹ̀

Ìlú Boston ni wọ́n bí i sí, ó sì dàgbà ní Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí John Glenn yí ayé po ní 1962, ìrìn-àjò tí ibùdó kan ní Kánò, ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó tọpa rẹ̀. Ó gba oyè ní Framingham State College ní 1970, ó sì gba oyè kejì ní Bowie State College ní 1978. Ó lọ́kọ, ó sì bí ọmọ méjì. Ní Concord High School, New Hampshire, ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn obìnrin Amẹ́ríkà. Ó gbà pé ìwé ìrántí àwọn mẹ̀kúnnù jẹ́ ìtàn, bí ìṣe àwọn ààrẹ àti ọ̀gágun ṣe jẹ́ ìtàn.

Bí wọ́n ṣe yàn án

Ní 1984, Ààrẹ Ronald Reagan kéde ètò láti fi olùkọ́ kan ránṣẹ́ sí gbalasa òfurufú. Olùkọ́ tó lé ní 11,000 ló forúkọ sílẹ̀. McAuliffe ní èrò láti kọ ìwé ìrántí ìrìn-àjò náà, bí àwọn obìnrin tó bá kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ṣe kọ tiwọn láyé àtijọ́. Wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ ní 19 Oṣù Keje, 1985, wọ́n sì fi Barbara Morgan, olùkọ́ láti Idaho, ṣe igbákejì rẹ̀.

Àwọn ẹ̀kọ́ tó pèsè

Ẹ̀kọ́ méjì, oníṣẹ́jú 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni tẹlifíṣọ̀n ìbá gbé dé àwọn iléèwé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dá lórí ohun tí ọmọdé sábà máa ń béèrè: bí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn àti bí wọ́n ṣe ń najú. Nínú ọkọ̀ náà ohun gbogbo a máa léfòó: omi tó bá dànù a di róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sùn a sì so àpò ìsùn rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀kọ́ kejì dá lórí ìdí tí ènìyàn fi ń lọ sí gbalasa òfurufú. Ó tún fẹ́ ṣe àwọn àṣefihàn sáyẹ́ǹsì níwájú kámẹ́rà.

Ikú rẹ̀

Challenger gbéra ní Florida ní òwúrọ̀ tí òtútù mú gidigidi. Òtútù mú kí rọ́bà tó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ọ̀tún le, iná sì jò gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 73, ọkọ̀ náà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú, Ronald McNair, aláwọ̀dúdú onímọ̀ físíìsì, sì wà lára wọn. Ẹni ọdún 37 ni McAuliffe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, títí kan àwọn ti Concord, ló ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní iléèwé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí rí i pé àwọn ẹnjiníà ti kìlọ̀ nípa òtútù náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọn kò tẹ̀lé ìkìlọ̀ náà.

Ogún rẹ̀

Ní 1986, àwọn ẹbí olóògbé dá Challenger Center sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọdé. Ní 2004, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Congressional Space Medal of Honor dá McAuliffe lọ́lá. Barbara Morgan rin ìrìn-àjò tirẹ̀ nínú ọkọ̀ Endeavour ní 2007, ó sì dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọdé láti ibẹ̀. Ní 2018, Joe Acaba àti Ricky Arnold, tí àwọn méjèèjì ti ṣe olùkọ́ rí, ya fídíò díẹ̀ lára àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní International Space Station, ọdún 32 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí àwọn iléèwé lè máa lò wọ́n.