Isaac Adaka Boro: Ọmọ Ìlú Epo Tí Ó Sùn ní Ìkòyí



Bí ẹ bá kọjá Ìjànikin tí ẹ ń lọ sọ́nà Badagry, páìpù gáàsì ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níwájú yẹn. Láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti wá, ó wọ òkun ní Badagry, ó sì ń gbé gáàsì lọ sí Kútọnu, Lomé àti Gánà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ṣùgbọ́n Niger Delta ni gáàsì náà ti ń ṣàn wá, ọmọ ibẹ̀ kan ni mo sì fẹ́ rán yín létí.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938 ni wọ́n bí Isaac Adaka Boro ní Oloibiri, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Kaiama, ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Kò tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà tí Shell kan epo ní Oloibiri kan náà lọ́dún 1956. Nígbà tó fi máa di 1958, epo ibẹ̀ ti ń wọkọ̀ òkun lọ sókè òkun. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n àwọn Ijaw tó nilẹ̀ kò rí iná, wọn ò rí omi ẹ̀rọ.

Boro kì í ṣe jàǹdùkú o. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, ó lọ kọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Nsukka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi í ṣe ààrẹ wọn. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba ní oṣù Kìn-ín-ní 1966, ó gbà pé ohùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké ti rì pátápátá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, òun, Sam Owonaro, Nottingham Dick àti àwọn ọ̀dọ́ bíi 150 kéde Niger Delta ní orílẹ̀-èdè olómìnira. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá Yenagoa, wọ́n kó ìbọn, wọ́n fọ́ páìpù epo. Ọjọ́ 12 péré ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ìjọba tẹ̀ wọ́n, ilé-ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún wọn.

Ẹ wá wo ayé. Lọ́dún 1967, Gowon dárí jì wọ́n, ó sì dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀. Ogun abẹ́lé dé. Boro wọ iṣẹ́ sójà, ó di Májọ̀, ó jà fún Nàìjíríà kan náà tó ti fẹ́ yà kúrò lára rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1968, nígbà ogun náà, ó kú ní Ogu, nítòsí Okrika. Ọmọ ọdún 29 ni. Itẹ́ òkú Ìkòyí ní Èkó níbí ni wọ́n sin ín sí. Ọdún 45 ló fi sùn láàárín wa, kí wọ́n tó kó egungun rẹ̀ lọ sí Yenagoa lọ́dún 2013.

N kò ní ká máa fọ́ páìpù. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n kọlù, ọmọ èèyàn ni àwọn náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Boro ṣì wà nílẹ̀: kí ni ti onílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé jáde lórí ilẹ̀ rẹ̀? Òfin 1999 fi ìpín 13 nínú 100, ó kéré tán, fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Oloibiri ńkọ́? Kànga rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́, òṣì kò sì kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí páìpù òun pẹ́, kó jẹ́ kí ará ibẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Sójà ò lè ṣọ́ gbogbo igbó tán.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì wa báyìí.