Ignacy Jan Paderewski: Olùkọ́ Orin Tí Ó Di Olórí Ìjọba

Ní ọdún 1860 ni a bí Ignacy Jan Paderewski ní Kuryłówka, ní ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Láti ọdún 1795 ni Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́sítíríà ti pín Pólándì, ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀, láàárín ara wọn. Ìyá rẹ̀ kú láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde ní 1863 láti gba ara wọn sílẹ̀, a ju bàbá rẹ̀ sẹ́wọ̀n.

Ní ọmọ ọdún méjìlá, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Warsaw. Ó parí ẹ̀kọ́ ní 1878, a sì fi í ṣe olùkọ́ dùùrù níbẹ̀. Ó gbéyàwó ní 1880, ṣùgbọ́n lọ́dún náà gan-an ni aya rẹ̀ kú, tí ó fi ọmọkùnrin aláìlera kan sílẹ̀ fún un. Síbẹ̀ ó tẹra mọ́ṣẹ́. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Vienna, ó ṣe olùkọ́ ní Strasbourg, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé Paris ní 1888 àti New York ní 1891.

Ọrọ̀ kò mú un gbàgbé ilé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó rin Amẹ́ríkà já, ó ń tẹ dùùrù, ó sì ń tọrọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Pólándì. Ààrẹ Wilson fetí sí i. Ní 1918, ó fi òmìnira Pólándì kún àwọn kókó 14 tí ó là sílẹ̀ fún àlàáfíà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1919, Paderewski di olórí ìjọba, ó sì buwọ́ lu ìwé àdéhùn Versailles ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kò fohùn ṣọ̀kan, àtakò sì pọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó fi ipò sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 1922, ó padà sídìí dùùrù.

Nígbà tí ogun tún gba ilẹ̀ rẹ̀ ní 1939, arúgbó náà tún dìde. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1941. A tẹ́ ẹ sí Arlington títí Pólándì yóò fi di òmìnira. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ní 1992 ni a gbé e lọ sí Kàtídírà Jòhánù Mímọ́ ní Warsaw. Ṣùgbọ́n ọkàn àyà rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ní ilé mímọ́ Màríà Wúndíá ti Częstochowa, ní Doylestown.

Ẹ̀yin ará, kò pé ọdún kan tí ó fi jókòó lórí àga ìjọba, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ sin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ipò a máa kọjá. Iṣẹ́ ìsìn ni ó ń kù.