JOHN WESLEY: ÌFẸ́ TÓ Ń TỌWỌ́ BỌ ÀPÒ

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:32-37, 2 Kọ́ríńtì 8:1-15

ÀKỌ́SÓRÍ: 1 Jòhánù 3:17-18. Ṣí i nínú Bíbélì rẹ, kí o sì kọ́ ọ sórí.

Olùfẹ́, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ta ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú ìjọ? Ǹjẹ́ o mọ ibi tó ń gbé? Ǹjẹ́ o mọ̀ bóyá ó jẹun kó tó wá? Ó rọrùn láti kọrin ìfẹ́. Ó rọrùn láti bọ ara wa lọ́wọ́ nígbà tí pásítọ̀ bá ní kí a kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kì í tọwọ́ bọ àpò, tí kì í rìn dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, ariwo lásán ni. Lónìí a ó wo ìgbé ayé ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 1791, síbẹ̀ tí ìgbé ayé rẹ̀ ṣì ń bá wa wí. Orúkọ rẹ̀ ni John Wesley.

ỌMỌ ILÉ GBÈSÈ

A bí John Wesley ní oṣù Kẹfà ọdún 1703 ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Epworth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, Susanna ìyá rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin àdúrà. Má ṣe rò pé ọrọ̀ kún ilé àlùfáà yìí. Ní ọdún 1705, nígbà tí John kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n ní ìlú Lincoln nítorí gbèsè tí kò tó pọ́n-ùn 30. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú York bi ìyá náà léèrè bóyá oúnjẹ ti wọ́n wọn rí nínú ilé. Susanna dáhùn pé, ká sọ tòótọ́, búrẹ́dì kò ṣàìsí. Ṣùgbọ́n wàhálà àtirí i kí wọ́n tó jẹ ẹ́, àti wàhálà àtisan owó rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, kì í jẹ́ kó dùn lẹ́nu. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò wulẹ̀ ṣàánú rẹ̀ lẹ́nu. Ó fún un ní owó.

Ṣé o rí i? Àwọn kan wà nínú ìjọ tí a ń rí pé wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí ojú wọn rí kí oúnjẹ ọ̀hún tó dé inú àwo. Ọmọ tó jáde láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́ lò.

ÀWÒRÁN ARA ÒGIRI

Wesley kàwé dé yunifásítì Oxford, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1726. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà, láti ka Bíbélì, láti bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, àti láti kọ́ ọmọ àwọn tálákà ní ìwé. Ní ọjọ́ kan nígbà òtútù, ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé ẹ̀kọ́ wá kí i. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Wesley bi í bóyá kò ní òmíràn tó lè fi bora. Ó ní kò sí. Wesley tọwọ́ bọ àpò kó lè fún un lówó, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ná owó rẹ̀ tán ni, àwòrán ló fi rà láti ṣe ògiri yàrá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Olùfẹ́, ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ó wo ògiri, ó wo ọmọ tó ń gbọ̀n, ó sì bi ara rẹ̀ bóyá Ọ̀gá òun lè yin òun fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di arúgbó, ó ṣì ń sọ ìtàn náà nínú ìwàásù, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Àwọn ará, ìrònúpìwàdà tòótọ́ máa ń hàn nínú bí a ṣe ń náwó. Ní ọdún kan ní Oxford, pọ́n-ùn 30 ni owó tó wọlé fún Wesley. Ó fi 28 gbọ́ bùkátà, ó sì fi 2 tó kù tọrẹ. Ní ọdún kejì, pọ́n-ùn 60 wọlé. Ó tún fi 28 gbọ́ bùkátà, ó fi 32 tọrẹ. Ní ọdún kẹta ó gba 90, ní ọdún kẹrin ó gba 120. Pọ́n-ùn 28 náà ló ṣì ń ná fún ara rẹ̀. Bí owó rẹ̀ ti ń gòkè, ọrẹ rẹ̀ ló ń gòkè, kì í ṣe fàájì rẹ̀. Tiwa ńkọ́? Bí Ọlọ́run bá fi kún owó oṣù wa, kí ni a máa ń kọ́kọ́ fi kún?

PẸ́NÌ KAN LỌ́SẸ̀

Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ rere yìí, Wesley kò ní ìdánilójú ìgbàlà. Ìrúbọ kò gba ọkàn là. Ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún ọdún 1738, ní ìpàdé kékeré kan ní Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ló tó gbẹ́kẹ̀ lé Kristi nìkan, tó sì mọ̀ dájú pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ òun jì. Láti ọdún 1739 ló ti ń wàásù ní gbangba ìta fún àwọn awakùsà èédú ní agbègbè Bristol. Àwọn tó gba Jésù pọ̀, àwọn tálákà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kọ́ ilé ìpàdé kan sí Bristol, ṣùgbọ́n gbèsè wà lórí ilé náà.

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì ọdún 1742, àwọn ará péjọ láti jíròrò bí wọn yóò ṣe san gbèsè yìí. Ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní Kápítéènì Foy dábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Ẹlòmíràn dìde, ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ló tòṣì débi pé pẹ́nì kan náà kò sí lọ́wọ́ wọn.

Olùfẹ́, dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kí ni à bá ṣe ní ìjọ tiwa? Ẹlòmíràn yóò ní kí a ka orúkọ àwọn tí kò san jáde. Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n lọ gbàdúrà kí ìgbàgbọ́ wọn lè gbé sókè. Kápítéènì yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù lọ fún òun. Òun yóò máa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá rí nǹkan mú wá, ó dára. Bí wọn kò bá rí, òun yóò san tiwọn mọ́ tòun. Ó sì rọ àwọn yòókù láti ṣe bákan náà. Wọ́n gbà, wọ́n sì ṣe é.

Wo ohun tí Ọlọ́run fi ìyẹn ṣe! Bí àwọn ará wọ̀nyí ti ń ti ilé dé ilé nítorí pẹ́nì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ojú kì í rí nínú ìpàdé ńlá. Wọ́n rí ẹni tó ń ṣàìsàn, wọ́n rí ẹni tó ti padà sínú ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n rí ilé tí ìjà wà. Wọ́n sọ fún Wesley, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì: àwọn bí i méjìlá, pẹ̀lú olórí kan tó ń mọ bí ọkàn àti ara wọn ti wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ètò yìí dé ọ̀dọ̀ wa náà. Thomas Birch Freeman mú ìyìn rere àwọn Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ọ̀rọ̀ owó kíláàsì kò sì ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Ó ṣeni láàánú pé lónìí, ní ibòmíràn, ìwé owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò bí ẹnìkan bá kú, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ìjọ yóò sin ín. A di owó mú, a sọ ẹni tó fẹ́ san fún mọ́kànlá nù. Ará mi, pẹ́nì yẹn kì í ṣe ìdí tí ìjọ fi wà. Ọ̀nà àtidé ẹnu ilẹ̀kùn arákùnrin wa ni.

OWÓ YÍYÁ LÁÌSÍ ÈLÉ

Wesley tún mọ̀ pé ẹni tó ní ọwọ́ méjèèjì kì í fẹ́ tọrọ jẹ títí ayé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1746, ó ṣí ibi tí àwọn aláìsàn ti ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì kó owó jọ tí àwọn tálákà lè máa yá. Pọ́n-ùn 30 àti ṣílè díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan lè yá ṣílè 20, yóò sì dá a padà díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Láàárín oṣù 18, owó kékeré yìí ti ran ènìyàn 255 lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tó yá, ní nǹkan bí ọdún 1775, ọ̀kan nínú àwọn tó yá owó ni James Lackington, aṣebàtà kan tó fẹ́ máa ta ìwé. Pọ́n-ùn 5 ni wọ́n yá a. Ó di ọ̀kan nínú àwọn òǹtàwé tó tóbi jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n nígbà tó lówó tán, ó kọ ìwé, ó fi àwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣe yẹ̀yẹ́! Bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ, tí o fi pinnu pé o kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Gbọ́ ìparí rẹ̀: ní ọdún 1804, ọkùnrin yìí tẹ ìwé mìíràn jáde, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ Olúwa, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìsìn fún àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Wesley ti kú nígbà náà, kò fojú rí i. Ìwọ fúnrúgbìn ní tìrẹ. Ọlọ́run ló mọ ọjọ́ ìkórè.

ÌFẸ́ NÍGBÀ ÌJÀ

Kì í ṣe owó nìkan ni a fi ń ṣoore. George Whitefield ló pe Wesley wá sí Bristol láti wàásù ní ìta. Láìpẹ́, ẹ̀kọ́ nípa yíyàn Ọlọ́run dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, iṣẹ́ wọn sì pín sí méjì. Ìyàtọ̀ náà kò tán títí Whitefield fi kú ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1770. Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà di ọ̀rẹ́, Whitefield sì ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé Wesley ni òun fẹ́ kó wàásù ìsìnkú òun. Wesley wàásù náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó sì bu ọlá fún arákùnrin rẹ̀. Ta ni ìwọ àti òun jọ wà nínú ìjọ kan náà tí ẹ kò kí ara yín mọ́?

Wesley kì í ṣe ẹni pípé. Ó gbéyàwó ní ọdún 1751, ilé náà kò sì tòrò. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni a ń yìn, kì í ṣe ènìyàn.

NÍNÚ OMI YÌNYÍN

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1785, Wesley ti di ẹni ọdún 81. Èédú àti búrẹ́dì ni wọ́n máa ń pín fún àwọn tálákà inú ẹgbẹ́ nígbà òtútù. Lọ́dún yìí, ó rí i pé wọ́n nílò aṣọ pẹ̀lú. Kò rán ọ̀dọ́ kankan. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni bàbá arúgbó yìí fi rìn káàkiri Lọ́ńdọ̀nù tó ń tọrọ owó, tí yìnyín tó ń yọ́ sì mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó rí pọ́n-ùn 200 kó jọ. Ní alẹ́ Sátidé, àìsàn gbé e dè. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà rí aṣọ wọ̀.

Àwọn agbowó-orí ìjọba ti kọ̀wé sí i rí, ní ọdún 1776, pé kó wá ka àwọn ohun èlò fàdákà rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rò pé irú ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìní púpọ̀. Ó dá wọn lóhùn pé ṣíbí fàdákà méjì ni òun ní ní Lọ́ńdọ̀nù, méjì ní Bristol, òun kò sì ní ra sí i nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó yí òun ká kò rí búrẹ́dì jẹ. Ó kú ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta ọdún 1791, ní ẹni ọdún 87. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí tálákà mẹ́fà gbé òkú òun, kí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní pọ́n-ùn kan. Àní òkú rẹ̀ tún ṣoore!

Olùfẹ́, arábìnrin kan lè wà nínú ìjọ rẹ tí kò wá mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti ní kí gbogbo ènìyàn ra aṣọ ọdún ìjọ. Ẹ rò pé ó ti tutù nínú ẹ̀mí. Ó lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í. Ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Má wo ojú pásítọ̀. Má wo ojú olówó ìjọ. Bí o kò bá lè gbé mọ́kànlá, gbé ẹyọ kan.

OHUN ṢÍṢE: Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, lọ sí ilé ẹnìkan nínú ìjọ tí o kò rí mọ́. Má lọ lọ́wọ́ òfo, má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

KÓKÓ ÀDÚRÀ

1. Baba, mo dúpẹ́ fún àwọn tí O ti lò láti ràn mí lọ́wọ́.
2. Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí arákùnrin mi ń gbọ̀n nínú òtútù.
3. Olúwa, la ojú mi kí n rí àìní tó fara pamọ́ nínú ìjọ mi.
4. Baba, wo ọkàn mi sàn lọ́wọ́ ìwà àìmoore tí wọ́n hù sí mi, kí ọwọ́ mi má ṣe ká kò.
5. Olúwa, tún ìfẹ́ àtijọ́ dá sílẹ̀ láàárín wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.