Varro àti Ọ̀rọ̀ Náà Accusative

Ní ọdún 116 ṣáájú ìbí Kristi ni a bí Marcus Terentius Varro ní ìlú Reate, ní ilẹ̀ àwọn Sabine ní Ítálì. Lẹ́sẹ̀ Lucius Aelius Stilo, ògbólógbòó nínú ìmọ̀ èdè Látìn, ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù, kí ó tó lọ sọ́dọ̀ Antiochus ará Ascalon ní Áténì. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé tí kì í kúrò ní ìdí ìwé. Ó bá Pompey jagun lójú omi, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 49, títí ó fi túúbá fún Julius Caesar ní Sípéènì. Caesar dárí jì í, ó sì yàn án láti ṣètò ilé-ìkàwé ńlá kan fún ará ìlú. A pa Caesar ní 44. Ilé-ìkàwé náà kò dìde.

Ní ọdún kejì, Mark Antony kọ orúkọ Varro mọ́ ti àwọn tí ẹnikẹ́ni lè pa láìjẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Calenus ni ó fi í pamọ́ sínú ilé tí Antony fúnra rẹ̀ máa ń dé sí. Ẹ̀mí rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n a kó ìwé rẹ̀ lọ. Ọdún yẹn kan náà ni a pa Cicero, ẹni tí Varro kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀ lórí èdè Látìn fún. Apá 25 ni ìwé náà ní. Ìkarùn-ún sí ìkẹwàá nìkan ni ó kù fún wa.

Nínú èyí tí ó kù ni a ti rí i pé iṣẹ́ atúmọ̀ èdè ni Varro ń ṣe. Àwọn Gíríìkì ní orúkọ fún ìrísí tí ọ̀rọ̀-orúkọ máa ń gbé wọ̀ bí ó bá jẹ́ àbọ̀: aitiatikē. Aitia ni gbòǹgbò rẹ̀. Ó lè jẹ́ okùnfà, ó sì lè jẹ́ ẹ̀sùn. Ohun tí àwọn Gíríìkì ní lọ́kàn, bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà, ni ohun tí ìṣe kan mú wá tàbí tí ó kàn: ilé tí a kọ́, aṣọ tí a hun. Varro mú ti ẹ̀sùn. Ipò ìfẹ̀sùnkàn ni ó pè é. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e sọ ọ́ di accusativus, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á láti inú Látìn àti Faransé. Priscian, ní Constantinople, ní ohun tí ó lé ní 500 ọdún lẹ́yìn náà, fi orúkọ mìíràn tí ó jẹ mọ́ okùnfà kún un. Orúkọ àtijọ́ ni ó borí.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ wa ọ̀ràn kò ní yára dá Varro lẹ́bi. Ọ̀ràn ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá ọ̀ràn ti ṣẹ̀. Atúmọ̀ èdè tí ó bá mú ọ̀kan níbi tí èkejì tọ́ yóò sọ ìdílé di ọ̀daràn. Nítorí náà, kí a má ṣe wá ẹ̀sùn sínú accusative bí a bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Àbọ̀ ti tó. Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà: Adé kan náà ni ó wà nínú “Adé rí mi” àti “mo rí Adé”. Arọ́pò-orúkọ ni ó ń yí, bí mo ti di mi.

Varro kò dẹ́kun ìwé kíkọ. Ní nǹkan bí ẹni 80 ọdún, ó kọ ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ Fundania, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra oko. Nígbà tí Asinius Pollio sì dá ilé-ìkàwé ìlú àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Róòmù, Varro nìkan ni òǹkọ̀wé tí ó ṣì wà láàyè tí a gbé ère rẹ̀ síbẹ̀. Ó kú ní 27.