Mick Ronson: Onígìtá tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ àwọn ẹlòmíràn di ìràwọ̀

Tí wọ́n bá ń ka àwọn tó gbé orin rọ́ọ̀kì ga nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ David Bowie kì í gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí etí ń gbọ́ nínú àwọn àwo tó sọ Bowie di ìlúmọ̀ọ́ká, ọwọ́ ọkùnrin kan ló ti wá. Mick Ronson lorúkọ rẹ̀. Ó ń ta gìtá, ó ń tẹ dùùrù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ohùn fáyólìn pọ̀, pùròdúsà sì tún ni.

Ìlú Hull, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 26, oṣù karùn-ún, ọdún 1946. Láti kékeré ló ti kọ́ dùùrù àti fáyólìn, kó tó wá gba gìtá mú. Ó lọ wá oríire lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ nǹkan ò ṣẹnuure, ló bá padà sílé, ó sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní The Rats. Owó orin ò tó jẹun nígbà náà. Iṣẹ́ títọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ Hull ló ń ṣe.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, John Cambridge, onílù tí òun àti Ronson ti jọ ṣeré rí, wá a wá sí Hull torí pé Bowie ń wá onígìtá. Wọ́n ní ibi tó ti ń fa ìlà sórí pápá rọ́gíbì ló bá a. Kò pẹ́ tí òun àti Bowie pàdé tí wọ́n fi jọ ṣeré nínú ètò John Peel lórí rédíò BBC, nínú oṣù kejì ọdún náà.

Bowie ló ní orin àti èrò, Ronson ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohùn sílẹ̀ fún àwọn olórin inú sítúdíò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohùn fáyólìn tó gbé orin "Life on Mars?" dìde nínú àwo Hunky Dory ti ọdún 1971, Ronson ló tò ó. Òun náà ló ta gìtá inú àwo Ziggy Stardust ti ọdún 1972.

Lọ́dún 1972 yẹn kan náà, òun àti Bowie jọ ṣe pùròdúsà àwo Transformer fún Lou Reed, ọmọ Amẹ́ríkà. Nínú orin "Perfect Day", Ronson ló tẹ dùùrù, òun ló sì to ohùn fáyólìn rẹ̀.

Nígbà tí Bowie tú ẹgbẹ́ náà ká lọ́dún 1973, àwọn alábòójútó fẹ́ kí Ronson fúnra rẹ̀ di ìràwọ̀. Àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́, Slaughter on 10th Avenue, jáde lọ́dún 1974, ó sì tà dáadáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ iwájú ò bá a lára mu tó ẹ̀gbẹ́. Ó bá Ian Hunter ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì bá Bob Dylan rìnrìn-àjò eré káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún 1975. Nígbà tí John Mellencamp fẹ́ pa orin "Jack & Diane" tì, ìmọ̀ràn Ronson ló tún un ṣe. Orin náà gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982.

Ibi tọ́rọ̀ wá ti dunni nìyí. Nínú òwò orin, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó kọ orin lowó máa ń wọlé fún lọ́dọọdún. Ẹni tó to ohùn rẹ̀ pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló ń gbà lọ sílé. Ronson ò rí owó tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu rárá.

Lọ́dún 1991, àwọn dókítà sọ fún un pé ó ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kò tìtorí ìyẹn káwọ́ gbera. Lọ́dún 1992 ó ṣe pùròdúsà àwo Your Arsenal fún Morrissey, ó sì tún bá Bowie ta gìtá ní Wembley, níbi eré ìrántí Freddie Mercury. Ó jáde láyé lọ́jọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1993, lẹ́ni ọdún 46. Àwo tó ń ṣe lọ́wọ́, Heaven and Hull, jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n kọ́ pèpéle eré kan sínú ọgbà Queen's Gardens ní Hull, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Nítorí náà, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, tí wọ́n bá tún fi "Perfect Day" sí orí rédíò, ẹ má wulẹ̀ gbọ́ ẹni tó ń kọrin nìkan. Ẹ tẹ́tí sí dùùrù àti fáyólìn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ Hull tó ń tọ́jú ọgbà yẹn ni.