Ta ni Robert Taylor, ayàwòrán-ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1942 ni Robert Robinson Taylor ṣubú lulẹ̀ nínú ilé ìsìn kan ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ ló sì dákẹ́ sí. Ẹni ọdún 74 ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán ilé ìsìn náà, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 1898. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ bíríkì rẹ̀, àwọn ló sun ún, àwọn náà ló sì tò ó títí ilé fi dé orí òrùlé. Bíríkì tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n lò.

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà láti Wilmington

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1868 ni wọ́n bí Taylor sí ìlú Wilmington, ní North Carolina. Ọdún mẹ́ta péré ni ogun abẹ́lé tó fòpin sí òwò ẹrú ní Amẹ́ríkà ti parí nígbà náà.

Òyìnbó tó ní ẹrú ló bí Henry, bàbá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú sì ni ìyá Henry. Bàbá òyìnbó náà gbà á láàyè láti máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ kí òmìnira tó dé. Henry di gbẹ́nàgbẹ́nà àti oníṣòwò tó rí jájẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Robert ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé.

Lọ́dún 1888, Robert wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ MIT, tó wà nílùú Boston nígbà náà. Ó kàwé gboyè nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé lọ́dún 1892, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn sójà tó ti darúgbó ló yà fún iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀.

Booker T. Washington, ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú, ló ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì.

Bíríkì tó kọ̀ tí kò jiná

Ọdún 1881 ni Washington bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee. Kò sí owó, kò sì sí ilé gidi. Amọ̀ wà nínú ilẹ̀ wọn, ni wọ́n bá pinnu pé àwọn yóò máa mọ bíríkì fúnra àwọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n to bíríkì kalẹ̀ láti sun, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí owó tán, Washington mú aago rẹ̀ lọ sí Montgomery, ó fi í dógò, ó sì yá dọ́là 15. Owó yìí ni wọ́n fi sun ẹ̀ẹ̀kẹrin, èyí tó wá jiná dáadáa. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó àdúgbò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra bíríkì lọ́wọ́ wọn.

Taylor bá bíríkì yìí nílẹ̀ nígbà tó dé. Ìmọ̀ tí yóò sọ ọ́ di ilé tó dúró dáadáa ló kù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́?

Ilé tí ilé ẹ̀kọ́ náà nílò gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Taylor ló ń ya àwòrán, tó sì ń bójú tó iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ yíya àwòrán wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn wà níbi amọ̀, àwọn mìíràn ń la pákó, àwọn mìíràn ń to bíríkì tàbí ń kan fèrèsé.

Ohun tó wà nílẹ̀ ló ń pinnu ohun tí wọn yóò fi kọ́lé. Bí ẹni tó ya ilé bá ṣèṣirò tí kò tọ́, ẹni tó ń to bíríkì, tó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn olùkọ́ ìṣirò náà sì máa ń mú ìbéèrè wọn látinú iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni òbí wọn kò lówó. Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń san lára owó ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Lára ilé tí Taylor yà níbẹ̀ ni The Oaks, tí Washington àti ìdílé rẹ̀ gbé, ilé ìkàwé Carnegie, àti Tompkins Hall, tí wọ́n ti ń jẹun.

Àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ọwọ́

Inú gbogbo aláwọ̀ dúdú kọ́ ló dùn sí ọ̀nà Tuskegee. Lọ́dún 1903, ọ̀mọ̀wé W.E.B. Du Bois, tó padà kú sílùú Accra lọ́dún 1963, bu ẹnu àtẹ́ lu Washington nínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ jù, àwọn aláwọ̀ dúdú kò ní rí ìmọ̀ gíga àti ẹ̀tọ́ ìbò tó tọ́ sí wọn gbà.

Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ Alabama ti gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Taylor, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ gíga jọ ń rìn ni. Lọ́dún 1911, ó padà sí MIT níbi àyẹyẹ 50 ọdún ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe mú ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lọ sí Tuskegee.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ náà ò kẹ̀rẹ̀. William Sidney Pittman di ayàwòrán-ilé, ó sì fẹ́ Portia, ọmọ Washington. Vertner Tandy tẹ̀síwájú lọ sí Cornell, òun ló sì ya ilé ńlá Madam C.J. Walker, obìnrin oníṣòwò tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ìrìnàjò sí Làìbéríà

Lọ́dún 1929, Taylor rìnrìn àjò wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó lọ sí Kakata, ní Làìbéríà, láti ṣètò àwòrán ilé àti ìlànà ẹ̀kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ lórúkọ Washington. Booker Washington Institute ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, Taylor padà sí Wilmington, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Valerie Jarrett, tó ṣe olùdámọ̀ràn àgbà fún Ààrẹ Barack Obama. Lọ́dún 2015, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán Taylor sórí sítáǹbù.

Ilé ìsìn tó ṣubú sí kò sí mọ́. Àrá sán lù ú lọ́dún 1957, ó sì jóná. Òmíràn tí wọ́n parí lọ́dún 1969 ni wọ́n ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n The Oaks àti ọ̀pọ̀ ilé mìíràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ lójú ayé Taylor ṣì wà ní Tuskegee, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́.