Madam C. J. Walker: Alágbàfọ̀ Tí Irun Rẹ̀ Já, Tó Wá Kọ́ Àwọn Obìnrin Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Awọ Orí

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí obìnrin bá tú irun tó fi attachment dì tán, tó wo dígí, tó wá rí i pé irun iwájú orí òun ti ń sún sẹ́yìn, tí ẹ̀bá etí sì ti ń dán? Ọ̀rọ̀ kí irun máa já kì í ṣe tuntun. Ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1900, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe attachment ló fa tirẹ̀. Wàhálà orí ara rẹ̀ yẹn ló sọ di iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó lówó jù lọ ní Amẹ́ríkà nígbà ayé rẹ̀. Madam C. J. Walker ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Sarah Breedlove ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1867 ni wọ́n bí i, nínú oko òwú ńlá kan nítòsí ìlú Delta, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú oko yìí kan náà. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sínú òmìnira. Àmọ́ òmìnira ọ̀hún kò lówó lọ́wọ́ rárá. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá ti kú, ìyá ti kú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Louvenia, ló ń gbé. Ìyà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n náà fi ń jẹ ẹ́ pọ̀ débi pé ọmọ ọdún 14 ló ti wọlé ọkọ, kó ṣáà lè kúrò nílé wọn. Moses McWilliams ni ọkọ ń jẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1885, ó bí ọmọbìnrin kan, Lelia, ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1887, ọkọ ti kú. Ọmọ ogún ọdún ni opó wa yìí, pẹ̀lú ọmọ kékeré lẹ́yìn.

Ó gba ìlú St. Louis lọ, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ lòun rí ṣe ní tiẹ̀. Ẹ má wò ó bí aṣọ fífọ̀ ayé òde òní o. Omi gbígbóná nínú agbada, ọṣẹ líle, pákó tí wọ́n fi ń gbo aṣọ, láti àárọ̀ dalẹ́. Owó tó ń rí kì í sábà ju dọ́là kan ààbọ̀ lọ lójúmọ́. Ọdún bí i méjìdínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ náà ló sì ti rówó rán Lelia lọ sílé ìwé.

Ibẹ̀ ni irun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó já débi pé awọ orí ń hàn láwọn ibì kan. Kì í sì í ṣe òun nìkan, ọ̀pọ̀ obìnrin bíi tirẹ̀ ló ń fi gèlè bo orí nítorí ìtìjú. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àwọn tálákà ni kò ní omi ẹ̀rọ, nítorí náà orí fífọ̀ kì í wáyé déédéé, pàápàá nígbà òtútù. Ìdọ̀tí, òógùn àti ọ̀rá á dì mọ́ awọ orí, àrùn á wọ̀ ọ́, á máa yún wọn, á máa ṣí pẹ́pẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sì fọ orí tán pẹ̀lú ọṣẹ líle tó ń jó ara yẹn, wọ́n tún dá kún un ni. Ẹ fi oúnjẹ tí kò tó àti ìrònú kún un.

Sarah gbìyànjú oríṣiríṣi oògùn. Ọ̀kan lára wọn ni ìpara obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Annie Turnbo, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Poro. Ó tiẹ̀ di ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Turnbo ta ọjà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí orúkọ yìí, torí ọ̀pọ̀ ìtàn Madam Walker ló máa ń fo obìnrin náà, kò sì tọ́. Turnbo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, òun náà sì lówó gan-an. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì di alátakò ara wọn, Turnbo sì gbà pé ṣe ni ẹni tóun kọ́ níṣẹ́ wá jí iṣẹ́ òun.

Ní oṣù Keje ọdún 1905, Sarah kó lọ sí Denver. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé owó tó kù lọ́wọ́ òun kò tó dọ́là méjì. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn èèyàn lọ́sàn-án, ó ń po ìpara lálẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1906, ó fẹ́ Charles Joseph Walker, ọkùnrin tó mọ nípa ìpolówó ọjà nínú ìwé ìròyìn. Látọ̀dọ̀ ọkọ yìí ló ti mú orúkọ Madam C. J. Walker, orúkọ yẹn náà ló wà lára agolo. Ìgbéyàwó náà tú ká lọ́dún 1912, àmọ́ orúkọ kò kúrò lára agolo.

Ìtàn tó máa ń sọ nípa bó ṣe rí ìpara náà ni pé òun lá àlá, ọkùnrin dúdú ńlá kan sì sọ ohun tóun máa pò pọ̀ fún òun, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni òun ti ní kí wọ́n fi lára rẹ̀ ránṣẹ́. Ká má parọ́, ìpolówó ọjà tó dáa nìyẹn. Ohun tó wà nínú agolo kò nílò àlá: ohun tó dà bíi Vaseline ni, pẹ̀lú imí ọjọ́, òróró àgbọn, ìda oyin àti lọ́fíńdà. Imí ọjọ́ tí àwọn ìyá wa fi ń wo làpálàpá náà ni o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń fi pa àrùn awọ orí kó tó kan Walker tàbí Turnbo.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà ni ọ̀nà tó ní kí wọ́n máa gbà lò ó. Ó ní kí obìnrin kọ́kọ́ fọ orí dáadáa, kí ó máa fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́, kí ó fi ìka ra awọ orí, kí ó tó wá fi ìpara sí i. Ẹ rí i, ìpara ọ̀hún kò hu irun fún ẹnikẹ́ni. Gbòǹgbò irun ló wà nínú awọ orí. Tí awọ bá mọ́, tí àrùn bá kúrò, gbòǹgbò tí kò tíì kú á tún yọ irun padà. Gbogbo iṣẹ́ ìyanu náà kò jù báyìí lọ. Lára ọjà rẹ̀ tún ni ìpara fún awọ orí tó ń ṣí pẹ́pẹ́, àti ìpara kan tó wà fún ẹ̀bá orí nìkan, ibi tó súnmọ́ etí.

Ẹ̀bá orí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tòde òní. Ọdún 1907, nígbà tí Walker ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì láti polówó ọjà, ni wọ́n ṣàkọsílẹ̀ pé àwọn obìnrin Greenland tó máa ń fa irun le, tí wọ́n ń dì í sókè orí, ni irun ẹ̀bá orí wọn ń já. Fífà ló fà á. Ohun kan náà ni dídì tó le koko, weave-on tí wọ́n rán le, àti attachment tó wúwo ń ṣe. Tí onídìrí bá dì í tán tí ẹ kò lè sùn, tí orí ń fọ́ yín, tí àwọn kókó kéékèèké funfun ń yọ ní ẹ̀bá irun, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní bó ṣe máa ń pẹ́ lórí nìyẹn. Ẹ tú u, tàbí kó dẹ̀ ẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà awọ ara ń sọ ni pé kí weave-on má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí, kí orí sì sinmi kí wọ́n tó ṣe òmíràn. Ẹ lè fọ awọ orí bí irun bá ṣe wà ní dídì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi rilásà sí irun lónìí, kí wọ́n tún dì í le lọ́la. Tí fífà bá pẹ́ jù, àpá ló máa kù níbi gbòǹgbò, kò sì sí ìpara, tàbí ti Madam Walker pàápàá, tó lè dá irun ibẹ̀ padà.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ òòyà gbígbóná. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló dá a sílẹ̀. Rárá o. Òòyà yẹn ti wà ṣáájú rẹ̀, àmọ́ ó wà lára ohun tí àwọn aṣojú rẹ̀ ń lò. Inú rẹ̀ kì í dùn tí wọ́n bá pè é ní ẹni tó ń na irun, ó ní irun tó ní ìlera ni iṣẹ́ òun. Àwọn kan nígbà ayé rẹ̀ bá a wí pé ó ń mú káwọn dúdú máa fara wé òyìnbó. Ní tèmi, ẹjọ́ náà ní ẹsẹ̀ díẹ̀. Ohun míì tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Mae, ọmọbìnrin tí Lelia gbà tọ́ lọ́dún 1912. Irun Mae gùn rẹpẹtẹ látilẹ̀wá, òun ni wọ́n sì ń mú káàkiri kí àwọn oníbàárà lè rí ẹni tó ń lo ọjà Walker.

Lọ́dún 1908, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Pittsburgh láti kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ irun, wọ́n sì fi orúkọ Lelia pè é. Lọ́dún 1910, ó kó lọ sí Indianapolis, ó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá síbẹ̀. Ní 1913, ó dé Jàmáíkà, Kúbà, Háítì, Costa Rica àti Panama. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń kéde pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ń bá òun ta ọjà. Alágbàfọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀, owó tí wọ́n sì ń rí nídìí irun fi èyí tí wọ́n ń gbà nílé òyìnbó ṣeré.

Àwọn ọkùnrin kò kọ́kọ́ kà á sí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ní Chicago lọ́dún 1912, Booker T. Washington tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ náà kò fún un láyè láti sọ̀rọ̀. Obìnrin náà dìde fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó sọ fún wọn pé láti oko òwú lòun ti bọ́ sídìí agbada ìfọṣọ, láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná, kó tó di pé òun kọ́ ilé-iṣẹ́ sórí ilẹ̀ ara òun. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n pè é wá sọ̀rọ̀.

Ó náwó fún ẹlòmíì gan-an. Ó fún ilé YMCA àwọn dúdú ní Indianapolis ní dọ́là 1,000. Lọ́dún 1917, ó wà lára àwọn tó lọ sí White House nítorí bí wọ́n ṣe ń pa àwọn dúdú láìsí ìdájọ́, ó sì ṣèlérí dọ́là 5,000 fún ẹgbẹ́ NAACP lórí ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tó kù díẹ̀ kó kú. Àìsàn kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1919, nínú ilé ńlá tó kọ́ sí Irvington, nítòsí New York. Ọmọ ọdún 51 ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè ilé-iṣẹ́ náà fún iṣẹ́ àánú.

Nígbà kan ní Indianapolis, ilé sinimá kan ní kó san sẹ́ǹtì 25 nítorí pé ó dúdú, nígbà tí àwọn òyìnbó ń san 10. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì pinnu láti kọ́ tirẹ̀. Ikú kò jẹ́ kó rí i. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí ilé náà, tòun ti ibi tí wọ́n ti ń po ìpara, ilé ẹ̀kọ́ irun, ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge àti gbọ̀ngàn ìran wíwò. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, orúkọ Walker ló sì ń jẹ́.